Kíjìpá Tó Bá Wa Lọ Ọgbà Ìgbafẹ́

Ọyẹ́ ló kọ́kọ́ jí ní Ṣakí lówùúrọ̀ ọjọ́ náà, kí àkùkọ tó jí. Ó ti bo àpáta ẹ̀yìn ilé wa tí n kò fi rí i mọ́, eruku funfun sì dà sórí páànù bí ẹni ku ìyẹ̀fun sí i. Afẹ́fẹ́ gbẹ, ó ń ta ni ní imú. Mo ti ọwọ́ bọ inú garawa omi tó sun ìta, òtútù rẹ̀ mú mi dé egungun. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà, mo rò ó pé bóyá ká má lọ mọ́.

Mojísọ́lá, ọmọ ọmọ mi, ló fà á tí mo fi rò bẹ́ẹ̀. Ọmọ ọdún méje ni. Fúnmi, ọmọbìnrin mi tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ló bí i, inú ilé kan náà ni gbogbo wa sì ń gbé. Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní SS lọ́sibítù ló wà lára ọmọ náà. Àwọn ènìyàn ní orúkọ mìíràn tí wọ́n ń pe irú ọmọ bẹ́ẹ̀, n kì í jẹ́ kí wọ́n pè é nínú ilé mi. Bí òtútù bá mú un jù, tàbí tí òùngbẹ bá gbẹ ẹ́ pẹ́, egungun rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó, ìrora náà á sì le débi pé ọsibítù ni a ó ti sùn. Nígbà tó wá lo odidi táàmù kan láìsùn sí ọsibítù, ìyá rẹ̀ ṣèlérí fún un pé òun á mú un lọ sí ọgbà ìgbafẹ́ kan ní Ìbàdàn. Ọgbà ìgbafẹ́ ni ibi tí wọ́n kó oríṣiríṣi ẹ̀rọ ìṣeré jọ sí, tí àwọn ọmọdé ń gùn, tí ènìyàn ń sanwó kó tó wọlé. Lọ́dọ̀ tiwa, ọmọ tó bá fẹ́ lọ sókè á gun igi màngòrò.

Fúnmi ti di báàgì kan sílẹ̀, èyí tí a ń gbé kọ́ ẹ̀yìn. Ike omi kan, òògùn, bísíkíìtì àti ṣájà fóònù ló wà nínú rẹ̀. Mo tú u. Mo fi fúláàsì omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ rọ́pò ike omi tútù náà, mo sì fi ike omi mìíràn tì í, nítorí omi kan kì í tó ọmọ yẹn. Mo kó ìbọ̀sẹ̀ méjì sí i, súwẹ́tà, ṣòkòtò tó lè wọ̀ sábẹ́ aṣọ, òrí díẹ̀ nínú agolo kékeré láti fi ra á lẹ́sẹ̀, àkísà mímọ́, àti ọ̀rá fún ẹni tó bá fẹ́ bì nínú mọ́tò. Mo di dùndú àti wàrà díndín sínú kúlà. Lẹ́yìn náà ni mo ká kíjìpá mi, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí ẹnu báàgì fi pa dé.

Fúnmi wò mí. "Màmá, kí ni kíjìpá ń wá nínú báàgì? Ìbàdàn là ń lọ, a ò lọ sóko."

"Nítorí òtútù ni."

"Súwẹ́tà ti wà níbẹ̀."

"Bí omi bá dà sí súwẹ́tà ńkọ́?"

"Ta ló fẹ́ da omi sí i?"

"Ìwọ ni nọ́ọ̀sì," mo ní, "èmi ni mo ń ru báàgì."

Ẹni tí kò bá mọ kíjìpá, aṣọ tó nípọn ni, tí àwọn obìnrin ń hun nínú ilé láyé àtijọ́. Ìyá mi ló hun tèmi. Ó dúdú fún aró, ìlà pupa méjì sì là á láàárín. Ó ti di aṣọ oko báyìí. Ní oko wa, bí oúnjẹ bá jinná, a kì í pe orúkọ ẹnikẹ́ni. Bàbá mi kò jẹ́ kí a pe orúkọ ọmọ ènìyàn nínú igbó, torí a kò mọ ohun mìíràn tó ń gbọ́ ọ. Kíjìpá la máa ń fi kọ́ orí igi òrí tó wà láàárín oko. Ẹni tó bá rí i á ju ọkọ́ sílẹ̀, á wá jẹun. Mojísọ́lá máa ń bá mi lọ nígbà ìsinmi. Ó máa ń ṣọ́ aṣọ náà ju bó ti ń ṣọ́ eré rẹ̀ lọ, òun náà ló sì máa ń kọ́kọ́ dé.

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ nígbà tí Bàbá Sàídì gbé mọ́tò rẹ̀ dé. Òun ló máa ń gbé wa lọ síbi tó bá jìnnà, ó sì ti gbà láti dúró dè wá dìgbà tí a bá ṣe tán. Mo fi Mojísọ́lá sí àárín èmi àti ìyá rẹ̀, mo yí gèlè kan mọ́ ọn létí, a sì gbéra.

Ọyẹ́ bo títì débi pé iná mọ́tò kò ràn jìnnà. Láti Ṣakí dé Àgọ́-Àrẹ, à ń yẹ kòtò kan bọ́ sínú òmíràn. Igbó tí wọ́n ti sun dúdú lọ́tùn-ún lósì, àwọn igi òrí nìkan ló dúró láàárín rẹ̀. Bí mọ́tò bá ti fò, ọwọ́ mi á lọ sí orúnkún ọmọ náà.

"Bàbá Sàídì, ẹ rọra."

"Mo ń rọra, Màmá."

Ó tún ṣe díẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra."

"Màmá, bí mo bá tún rọra ju báyìí lọ, ìgbín á máa fọn fèrè fún wa pé ká kúrò lọ́nà."

Mojísọ́lá rẹ́rìn-ín títí, ó ń bojú wẹ̀yìn pé òun fẹ́ rí ìgbín náà. Èmi kò lè rẹ́rìn-ín. Mo fún un lómi mu ní Tẹ̀dé, níbi tí àwọn obìnrin ti ń tẹ́ iṣu sórí àpáta kí oòrùn tó yọ. Mo tún fún un mu ní Kòmu. Kí a tó dé Ìsẹ́yìn, ó ti sọ̀ kalẹ̀ tọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ìyá rẹ̀ sì ní bí a bá ń bá a lọ báyìí, ọgbà á ti pa dé ká tó débẹ̀.

Ní Ìsẹ́yìn, a dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ gáréèjì kí Bàbá Sàídì ra epo. Mo sọ̀ láti ra ẹ̀kọ gbígbóná, mo di ọwọ́ Mojísọ́lá mú. Ibẹ̀ ni ohùn obìnrin kan ti jáde láti àárín èrò. "Mojí! Mojí o!" Ó ń pe ọmọ tirẹ̀ tó ń kiri ọsàn. Mojísọ́lá yí orí, ó ti la ẹnu. Mo fún un lọ́wọ́ pọ̀.

"Kí ni mo kọ́ ọ?"

Ó pa ẹnu dé, ó kà á bí ọmọ ilé ìwé. "Ohùn tí mi ò bá rí ojú ẹni tó ni ín, mi ò gbọdọ̀ dá a lóhùn."

"O káre."

Fúnmi gbọ́ wa láti inú mọ́tò. Ó ní, "Màmá, gáréèjì nìyí o, kì í ṣe igbó."

Mo ní, "Kí ni èrò ibẹ̀ fi yàtọ̀ sí igi?" Mo rò pé mo gbọ́n.

Ọ̀nà Ìsẹ́yìn sí Ìbàdàn dán, wọ́n ti tún un ṣe. Mọ́tò ń lọ geere, ọyẹ́ sì ń ṣí díẹ̀díẹ̀, igi ń ga sí i, ewé wọn sì tutù ju tiwa lọ. Nígbà tí a dé ẹnu ọgbà náà, oòrùn ti yọ. Tíkẹ́ẹ̀tì àgbà jẹ́ ẹgbẹ̀rún mẹ́ta náírà, ti ọmọdé jẹ́ ẹgbẹ̀rún méjì, eré kọ̀ọ̀kan sì ní owó tirẹ̀ nínú. Ẹ̀ṣọ́ kan, ọkùnrin gíga tó wọ aṣọ búlúù, ní kí n ṣí báàgì.

Ó yọ kúlà oúnjẹ. "Wọn kì í gbé oúnjẹ wọlé, Màmá. Wọ́n ń tà á nínú."

"Ṣé wọ́n ń ta wàrà?"

"Wọ́n ń ta ṣáwámà."

Fúnmi ní búrẹ́dì pẹlẹbẹ tí wọ́n ká ẹran sí nínú ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Mo ní kò sí ohun tó ṣe mí tí mo fi máa jẹ búrẹ́dì tí wọ́n ká bí ẹní. Ẹ̀ṣọ́ náà tún fẹ́ gba omi. Fúnmi fi káàdì ọsibítù ọmọ náà hàn án, ó wò ó, ó wo Mojísọ́lá, ó sì dá omi àti òògùn padà fún mi. Ìgbà tó kan kíjìpá, ó gbé e wò bóyá ó wúwo.

"Ẹ̀yin Màmá yìí, ṣé ẹ fẹ́ sùn síbí ni?"

"Bó bá gbà bẹ́ẹ̀."

Oúnjẹ wa padà sọ́dọ̀ Bàbá Sàídì nínú mọ́tò. Òun kò bínú sí òfin náà rárá. Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ lọ, ẹ kọ́kọ́ wádìí ohun tí wọn kì í gbà wọlé kí ẹ tó bẹ iṣu.

Nínú ọgbà, ariwo ló kọ́kọ́ pàdé wa. Kẹ̀kẹ́ ńlá kan ga bí igi àràbà, ó ń gbé ènìyàn yí lọ sókè, ó ń gbé wọn bọ̀. Mojísọ́lá nawọ́ sí i. Mo ní rárá, afẹ́fẹ́ òkè tutù. Ilé rọ́bà kan wà tí wọ́n fẹ́ afẹ́fẹ́ sí, tí àwọn ọmọ ń fò nínú rẹ̀. Mo tún ní rárá, wọ́n lè já lù ú lẹ́sẹ̀. Ojú ọmọ náà ń rẹ̀wẹ̀sì. Ìyá rẹ̀ fà mí sẹ́yìn díẹ̀.

"Màmá, bí a bá ní kó má ṣe gbogbo rẹ̀, kí la wá ṣe?"

A fẹnu kò sórí rélùwéè kékeré kan tó ń yí ọgbà ká lórí irin, tó ń wọnú ihò kan tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì mọ bí àpáta. Kò yára. Mojísọ́lá bọ́ súwẹ́tà fún mi. N kò fẹ́, ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ ní, "Ọmọ yìí ń làágùn, Màmá. Omi ara rẹ̀ ló ń tán yẹn." Mo gbà. Ó jókòó sẹ́yìn rélùwéè pẹ̀lú aṣọ yẹ́lò rẹ̀, ó ń juwọ́ sí wa títí ihò fi gbé e mì.

A dúró síbi tó ti wọ̀ ọ́. Lọ́dọ̀ wa, ibi tí ọkọ̀ ti gbé ọ ni ó máa ń dá ọ padà sí. Rélùwéè dé. Ó ṣófo. Àwọn ọmọ mìíràn ń wọ̀ ọ́. Ọkùnrin tó ń wà á ní ẹ̀gbẹ́ ibí ni wọ́n ń gbà wọlé, ẹ̀gbẹ́ kejì ògiri lọ́hùn-ún ni wọ́n ń gbà jáde. A sáré yí ògiri náà ká. Bí mo bá pè é ní sísáré, ẹ̀yin tí ẹ mọ orúnkún mi á dárí jì mí. Ní ẹ̀gbẹ́ kejì, ọmọ pọ̀ bí eṣú, aṣọ yẹ́lò sì pọ̀ láàárín wọn. Kò sí tiwa.

Báàgì wà lẹ́yìn mi. Omi wà nínú rẹ̀, òògùn wà nínú rẹ̀, súwẹ́tà wà lọ́wọ́ mi. Gbogbo ohun tí mo dì nítorí ọmọ náà ló pé, ọmọ náà ni kò sí.

Oòrùn ti gbóná. Mo ń ro ìgbà tó mu omi gbẹ̀yìn, n kò rántí. Fúnmi lọ bá obìnrin kan tó jókòó nínú yàrá kékeré onígíláàsì, tó ń fi gbohùngbohùn kéde. Obìnrin náà kò fi nǹkan ṣòfò. Ó bi wá léèrè orúkọ àti aṣọ, ó sì bẹ̀rẹ̀. "Mojísọ́lá, ọmọ ọdún méje, tó wọ aṣọ yẹ́lò. Mojísọ́lá, ìyá rẹ ń wá ọ. Bí o bá gbọ́ mi, ké sí ẹni tó wà nítòsí rẹ." Ó sọ ọ́ ní Yorùbá, ó sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì. A dúró. Kò sẹ́ni tó wá. Ó tún un pè.

Fúnmi ń wo ẹnu ọ̀nà. "Ó mọ orúkọ ara rẹ̀. Kí ló dé tí kò dáhùn? Àbí ó ti ṣubú síbì kan?"

Ẹ̀ẹ̀kẹta tí wọ́n pè é, mo tẹ́tí sí ohùn náà dáadáa. Ó ń jáde láti orí òpó, láti inú igi, láti òkè orí wa. Ohùn náà kò ní ojú.

Mo di apá Fúnmi mú. "Kò ní dáhùn."

"Kí lẹ wí?"

"Ó ń gbọ́ wọn. Kò rí ojú ẹni tó ń pè é. Kò ní dáhùn."

Fúnmi wò mí.

Mo bi ara mi pé, níbi tí a kì í bá ti í pe orúkọ, kí la máa ń ṣe? Mo sọ báàgì kalẹ̀, mo fa kíjìpá yọ. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà náà ti wá bá wa níbẹ̀ pé òun fẹ́ ràn wá lọ́wọ́.

"Ọmọ mi, bá mi wá ọ̀pá tó gùn."

"Ọ̀pá kẹ̀, Màmá?"

"Mo fẹ́ fi aṣọ kọ́ ọ."

"Ṣé irú àkókò yìí lẹ fẹ́ sá aṣọ ni?"

"Ọmọ náà mọ aṣọ yìí."

Kò tún bi mí léèrè. Ó lọ mú ọ̀pá gígùn tí wọ́n fi ń yọ bàlúùnù ọmọdé tó bá há sórí igi. A so kíjìpá mọ́ ọn lórí, ó gun òkìtì kan tí wọ́n gbin koríko sí nítòsí kẹ̀kẹ́ ńlá, ó sì nà án sókè. Ó ga, apá rẹ̀ náà gùn. Ìlà pupa méjì náà hàn ketekete. Mo dúró sábẹ́ rẹ̀.

Mo ti fi aṣọ yẹn kọ́ igi láìmọye ìgbà, n kò bẹ̀rù rí pé ẹnìkan lè má wá. Àwọn ènìyàn ń wò wá. Obìnrin kan rò pé à ń tà á, ó béèrè iye tó jẹ́. Mo ní kì í ṣe títà. Ó ní kí n má bínú, pé òun fẹ́ràn aṣọ àtijọ́ ni. Àwọn mìíràn ń yà wá ní fọ́tò. Ẹ̀ṣọ́ náà pààrọ̀ ọwọ́, kò sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

Ẹ̀yìn ilé kékeré kan tí wọ́n ti ń ta áásìkiriìmù ni ó ti yọ. Aṣọ yẹ́lò, eruku kún ìdí rẹ̀. Kò sáré bó ti máa ń sáré lóko. Ó ń tiro. Ojú rẹ̀ kò kúrò lókè lára aṣọ náà títí tó fi dé iwájú mi.

"Màmá, ṣé oúnjẹ ti jinná ni?"

Ìyá rẹ̀ ti gbá a mọ́ra kí n tó lè fèsì. Ọmọ náà yọ orí láti èjìká ìyá rẹ̀, ó ń wá ojú mi.

"Màmá, mo gbọ́ wọn o. Wọ́n pè mí títí. Ohùn náà ò lójú. Mo jókòó síbi ìbòòji, mi ò dáhùn rárá."

Ó ń retí kí n yìn ín. Ètè rẹ̀ ti gbẹ, ó ti sán. Mo ní, "O káre."

Orúnkún òsì ló ń ro ó. Fúnmi fún un ní òògùn, mo bu omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ láti inú fúláàsì, ó mu ún, mo tún bu òmíràn. Mo ra á ní òrí, mo wọ ìbọ̀sẹ̀ fún un, mo sì fi kíjìpá yí ẹsẹ̀ rẹ̀ ká bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé oòrùn ń mú. A jókòó sórí bẹ́ǹṣì, a ń wo orúnkún náà. Ẹ̀ṣọ́ náà ra ike omi kan wá fún un, kò gba owó. Obìnrin onígbohùngbohùn jáde wá, ó tẹ̀ ba. "Èmi ni mo ń pè ọ́," ó ní. "Ojú mi rèé." Mojísọ́lá wò ó dáadáa, ó wá kí i.

A kò gun nǹkan mìíràn. A padà sí mọ́tò, ó sì ní òun fẹ́ dùndú. Dùndú kù, ṣùgbọ́n Bàbá Sàídì ti jẹ wàrà tán. Ó ní òun rò pé òfin ọgbà náà ló ní kí òun jẹ ẹ́.

Títí a fi dé Ìsẹ́yìn, ọwọ́ mi kò kúrò lórí orúnkún náà. Fúnmi ní kí Bàbá Sàídì dúró nítòsí ọsibítù kan, ká wò ó bóyá a ó wọlé. A dúró síbẹ̀ pẹ́. Ara ọmọ náà kò gbóná. Ó ní egungun òun kò ké mọ́, ó kàn ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ ni. Ìyá rẹ̀ mí kanlẹ̀, ó ní kí a máa lọ. Láti Òtú ni ó ti sùn, ìgbà tí a sì rí iná Ṣakí, ó ti na ẹsẹ̀ náà sórí itan mi fúnra rẹ̀.

Fúnmi kò bá mi wí lọ́nà. Nígbà tí a ń sọ ẹrù kalẹ̀ ló sọ ọ́, ohùn rẹ̀ kò sì le. "Màmá, ẹ̀kọ́ tí ẹ kọ́ ọ, ó dára lóko."

"Mo mọ̀."

"Ẹ tún un kọ́."

Bí ẹ bá fẹ́ mú ọmọ lọ síbi tí èrò pọ̀, ẹ di omi, ẹ di òògùn, ẹ di aṣọ kan tó mọ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ wo ohun tí ẹ ti dì sínú orí ọmọ náà kí ẹ tó kúrò nílé, torí ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà kò ní bá yín tú ìyẹn.

Ní ọjọ́ kejì, nígbà tí oòrùn ti lé ọyẹ́ lọ, mo mú Mojísọ́lá lọ sẹ́yìn ilé. Kò tiro mọ́. Mo ní kó jókòó sábẹ́ igi màngòrò. Mo sọ fún un pé bó bá gbọ́ orúkọ rẹ̀, tí wọ́n sì fi Àjíkẹ́, oríkì tí a ń kì í nílé, kún un, èmi tàbí ìyá rẹ̀ ni a rán ẹni náà, kó dáhùn. Ó ní òun ti gbọ́. Mo lọ sẹ́yìn àká, níbi tí kò ti lè rí mi.

"Mojísọ́lá."

Kò dáhùn. Ìyẹn tọ̀nà.

"Mojísọ́lá, Àjíkẹ́."

Adìyẹ kan gba àárín wa kọjá. Mo fẹ́ tún un pè ni mo gbọ́ ohùn rẹ̀.

"Mo gbọ́, Màmá," ó ní. "Ṣùgbọ́n ẹ yọjú ná."

Mo yọjú.